Sàhárà Kọ́ Ló Ń Rìn Bọ̀

Ó ti di àkọ́sórí lẹ́nu oníròyìn, olùkọ́ àti olóṣèlú pé aṣálẹ̀ Sàhárà ń rìn bọ̀ láti Òkè Ọya. Wọ́n á ní ó ń gbé ilẹ̀ mì ní kìlómítà báyìí-báyìí lọ́dọọdún, pé bí a kò bá tètè dínà fún un, yanrìn yóò gba Ìlọrin kọjá, yóò sì wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ tí wọ́n wá fún ìrìn yìí ni ìsọdaṣálẹ̀. Bí oko kan bá ti ṣá, bí òjò bá pẹ́ kó tó rọ̀, bí kànga bá gbẹ, ìsọdaṣálẹ̀ náà ni wọ́n á pè é, Sàhárà sì ni wọ́n á nàka sí.

Mo gbà pé ìgbàgbọ́ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá dé agbègbè Yusufari ní ìpínlẹ̀ Yobe yóò rí òkìtì yanrìn tó bo oko, tó sì ń gun ògiri ilé. Ọ̀dá tó mú ẹkùn Sahel, ìyẹn ilẹ̀ tó wà ní etí gúúsù Sàhárà, láti nǹkan bí 1968 títí di 1973, àti èyí tó tún dé ní 1983 àti 1984, pa ènìyàn, ó pa màlúù, ó sì lé darandaran wá sí gúúsù. Kò sí onílàákàyè tí yóò sọ pé nǹkan wọ̀nyí kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan ṣẹlẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ ohun tó fà á. Àlàyé tí a ń ṣe ni kò dúró, àlàyé náà sì ti ná àwọn ìjọba lówó púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún ní ibi tí wọ́n ti fi òfin dè é. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 1994, ní ìlú Paris, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti gbógun ti ìsọdaṣálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejìlá 1996. Àdéhùn náà sọ pé ìsọdaṣálẹ̀ ni kí ilẹ̀ máa bàjẹ́ ní àwọn ibi tí òjò kò ti pọ̀, nítorí oríṣiríṣi ìdí, tí ìyípadà ojú ọjọ́ àti ìṣe ọmọ ènìyàn wà lára wọn. Ẹ wá a títí, ẹ kò ní rí ìrìn níbẹ̀. Ẹ kò ní rí yanrìn tó ń ti ibì kan bọ̀ síbòmíràn. Ilẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀: erùpẹ̀ òkè tí ẹ̀fúùfù gbé lọ tàbí tí àgbàrá wọ́ lọ, ọ̀rá ilẹ̀ tó tán, koríko àti igi tí kò hù padà mọ́.

Àdéhùn yẹn tún fi ìwọ̀n sí i. Wọ́n á mú òjò tó ń rọ̀ níbì kan lọ́dún, wọ́n á fi omi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè fà kúrò lára ilẹ̀ náà pín in. Ibi tí èsì rẹ̀ bá wà láàárín 0.05 sí 0.65 ni ọ̀rọ̀ ìsọdaṣálẹ̀ kàn. Ibi tí kò bá tó 0.05 ti gbẹ kọjá ohun tí wọ́n ń sọ. Níbo sì ni kò tó 0.05? Àárín gbùngbùn Sàhárà gan-an ni. Sàhárà tí gbogbo ayé ń nàka sí, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìtumọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tó ti jẹ́ aṣálẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò tún ṣeé sọ di aṣálẹ̀. Kì í sì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló dá a. Ní nǹkan bí 6,000 sí 8,000 ọdún sẹ́yìn, koríko àti adágún omi ló wà níbẹ̀. Àwòrán màlúù tí àwọn ará ìgbà náà yà sára àpáta ní Tassili n'Ajjer, ní Algeria, wà níbẹ̀ di òní. Ìdúró ilé ayé sí oòrùn ló yí padà díẹ̀díẹ̀, tí òjò fi fà sẹ́yìn.

Níbo wá ni ìtàn ìrìn yìí ti wá? Ó pẹ́ díẹ̀. Edward Stebbing, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa igbó ní Yunifásítì Edinburgh, rin ìrìn àjò la Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá, ó sì kéde ní 1935 pé Sàhárà ń ya wọ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń ṣàkóso. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló lọ. Ẹni tó bá wo ilẹ̀ Hausa nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó sì ní ó ti kú, ó yẹ kó padà wò ó nínú oṣù kẹjọ. Ariwo yẹn mú kí ìjọba méjèèjì rán ìgbìmọ̀ lọ sí ẹnubodè Nàìjíríà àti Niger ní 1936 àti 1937. Ìgbìmọ̀ náà wo ilẹ̀, wọ́n bi àwọn ará ìlú léèrè, wọn kò sì rí aṣálẹ̀ kankan tó ń ya bọ̀. Iye ènìyàn tó gbọ́ ti Stebbing pọ̀ ju iye tó ka ti ìgbìmọ̀ lọ. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìtàn náà tún jí ní 1975. Hugh Lamprey, onímọ̀ nípa àyíká, fi ọkọ̀ òfuurufú wo etí aṣálẹ̀ ní Sudan, ó fi ohun tó rí wé àwòrán ilẹ̀ kan tí wọ́n yà ní 1958, ó sì ní aṣálẹ̀ ti sún wá sí gúúsù ní kìlómítà 90 sí 100 láàárín ọdún 17. Wọ́n pín in, ó di nǹkan bí kìlómítà márùn-ún àbọ̀ lọ́dún. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pe àpérò ńlá lórí ìsọdaṣálẹ̀ ní Nairobi, nọ́ńbà yẹn sì ń bí ọmọ títí di òní.

Kò sí ẹni tó ní Lamprey purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wo ìṣirò rẹ̀. Ìlà ti 1958 tó fi ṣe òṣùwọ̀n kì í ṣe ohun tí ẹnì kan fi ẹsẹ̀ tọ̀. Ìwọ̀n òjò ni wọ́n fi fà á sórí ìwé. Ìlà ti 1975 ló fi ojú rí, kò sì tíì pẹ́ tí ọ̀dá ńlá jẹ ilẹ̀ náà rún. Ohun méjì tí kì í ṣe irú kan náà ló gbé sórí ìwọ̀n kan, ó wá pín ìyàtọ̀ wọn sí ọdún 17 bí ẹni pé ọdún kọ̀ọ̀kan mú ìpín tirẹ̀. Nígbà tí Ulf Helldén àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Lund ní Sweden padà lọ yẹ ilẹ̀ Kordofan ní Sudan wò nínú àwọn ọdún 1980, wọn kò rí ẹ̀rí pé aṣálẹ̀ ń tẹ̀ síwájú. Ohun tí wọ́n rí ni pé irè oko ń já kulẹ̀ nígbà ọ̀dá, ó sì ń gbé pẹ́ẹ́lí bí òjò bá padà.

Ẹ̀rí tó ṣòroó jiyàn lé lórí jù ni ti sátẹ́láìtì. Compton Tucker, Harold Dregne àti Wilbur Newcomb wo Sàhárà láti òfuurufú láti 1980 sí 1990, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 1991. Etí aṣálẹ̀ náà sún sí gúúsù lóòótọ́ títí di 1984, ọdún ọ̀dá. Àmọ́ láàárín 1984 sí 1985 nìkan, ó sún padà sí àríwá ní kìlómítà 110, aṣálẹ̀ sì dín kù ní 724,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ìyẹn ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ Nàìjíríà lọ, láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ta ló gbin igi tó tó bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni. Òjò ló rọ̀. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí, ọ̀dá ni orúkọ rẹ̀, Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ yẹn kí ẹnikẹ́ni tó pe àpérò.

Ẹnì kan lè dá mi dúró níbí, kó mú ìwádìí tí Natalie Thomas àti Sumant Nigam ṣe ní 2018 jáde, tó ní Sàhárà fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún láti 1920. Ìbéèrè tó tọ́ ni, n kò sì ní yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n òjò ni àwọn náà fi ṣe ààlà aṣálẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ibi tí òjò kò tó nǹkan ti gbòòrò láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, àti pé yíyí ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ènìyàn ló jọ fà á. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ nìyẹn, ó sì wúwo. Kò sọ pé yanrìn ń rìn. Kò sì sọ pé gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ òjò tó dín kù náà ti bàjẹ́.

Ti yanrìn Yobe ńkọ́, èyí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ bù? Èyí ni ibi tí àṣìṣe náà ti dùn mọ́ni lẹ́nu jù, nítorí ojú ló ń rí i. Ṣùgbọ́n ní 1958, A. T. Grove, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Cambridge, ṣàlàyé ohun kan tó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé Nàìjíríà mọ̀: apá àríwá ilẹ̀ Hausa jókòó sórí òkìtì yanrìn àtijọ́. Ìgbà kan wà, kí ojú ọjọ́ tó rọ̀, tí aṣálẹ̀ fẹ̀ dé gúúsù ju bó ṣe wà lónìí lọ. Ẹ̀fúùfù kó yanrìn jọ síbẹ̀ ní òkìtì gígùn-gígùn. Nígbà tí òjò padà, koríko àti igi hù lé e lórí, gbòǹgbò wọn dè é mọ́lẹ̀, àwọn ènìyàn sì wá ń gbin jéró àti ẹ̀wà sórí rẹ̀. Bí a bá gé igi rẹ̀ tán, tí ẹran jẹ koríko rẹ̀ dé ìdí, tí a ro ó lọ́dọọdún láìsinmi, okùn tó dè é já nìyẹn. Ẹ̀fúùfù yóò tún gbé e. Yanrìn tó gun ògiri ilé náà kò ti Sàhárà wá. Abẹ́ oko ibẹ̀ ló wà látọjọ́ yìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti eruku ọyẹ́. Gbogbo oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, tí eruku bá bo mọ́tò, tí ètè là, ẹ ó gbọ́ lórí rédíò pé Sàhárà ti dé. Púpọ̀ nínú eruku yẹn ń ti kòtò Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ kí a tó bí àwọn baba ńlá wa, kò sì sọ Ìbàdàn di aṣálẹ̀. Adágún Chad fúnra rẹ̀ náà, tí wọ́n ń sọ pé ó ń gbẹ lọ títí di òní: òótọ́ ni pé nǹkan bí 25,000 kìlómítà onígun mẹ́rin ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tó sì sún kì pátápátá ní àárín àwọn ọdún 1980. Láti àwọn ọdún 1990 ni omi ti ń padà síbẹ̀ díẹ̀. Ìròyìn ogójì ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ń kà fún wa bí ìròyìn àná, ó sì ń sú ni.

Báwo wá ni ilẹ̀ ṣe ń di aṣálẹ̀ ní tòótọ́? Bí aṣọ ṣe ń gbó ni. Aṣọ kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbó láti etí kó wá máa rìn lọ sí àárín. Ibi tí a fi ń jókòó ló kọ́kọ́ ń já. Ní Sahel, yíká kànga ni a ti máa ń rí i. Ìjọba gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ibi tí omi kì í sí tẹ́lẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo màlúù agbègbè kóra jọ síbẹ̀, wọ́n jẹ koríko rẹ̀ tán, wọ́n sì fi pátákò tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ títí omi òjò kò fi lè wọ inú rẹ̀ mọ́. Ẹ ó wá rí ilẹ̀ gbalasa kan yí kànga ká, koríko sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Yíká ìlú ńlá náà, níbi tí wọ́n ti ń wá igi ìdáná, bákan náà ni. Ilẹ̀ yìí lè jìnnà sí Sàhárà ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan kìlómítà. Sàhárà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Níbí ni mo ti gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó bá ń yára gbà pẹ̀lú mi. Àwọn kan wà tí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni, wọ́n á ní darandaran àti àgbẹ̀ ló jẹ̀bi ohun gbogbo. Ìyẹn náà kò tọ̀nà. Ní 1975, Jule Charney, onímọ̀ ojú ọjọ́, dábàá pé bí ẹran bá jẹ koríko tán, ilẹ̀ tó funfun yóò máa ta ooru oòrùn padà sókè, òjò yóò sì dín kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi èyí ti gbogbo ẹ̀bi ọ̀dá sọ́rùn ẹlẹ́ran. Ṣùgbọ́n ní 2003, Alessandra Giannini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé gbígbóná omi òkun, òkun Íńdíà pàápàá, ló darí òjò Sahel jù lọ láàárín àwọn ọdún ọ̀dá wọ̀nyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sórí ilẹ̀ kàn dá kún un ni. Darandaran tí màlúù rẹ̀ kú ní ìlú Gao, ní Mali, kò ṣe ohunkóhun sí òkun Íńdíà. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn 1994 fi dárúkọ ojú ọjọ́ àti ọmọ ènìyàn pọ̀. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò nínú méjèèjì ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

Àwọn kan á ní, kí ló kàn wá nínú gbogbo èyí, ṣé igi kọ́ la ó gbìn náà ni? Ó kàn wá, nítorí bí a bá ti pe àìsàn ni a ó ṣe fún un lóògùn. Ẹni tó gbà pé aṣálẹ̀ ń rìn yóò mọ ògiri láti dá a dúró. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà lára àwọn tó gbé èrò ògiri igi síwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní 2007 lábẹ́ orúkọ Ògiri Ńlá Aláwọ̀ Ewé, láti Dakar dé Djibouti, nǹkan bí 8,000 kìlómítà. Èrò rere ló bí i. Àmọ́ ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ igi tí a gbìn sí ibi tí kò sí ẹni tó ń gbé, tí kò sí ẹni tó ń bomi rin ín, gbẹ kó tó pé ọdún mélòó kan. Àwọn alábòójútó iṣẹ́ náà fúnra wọn ti pa èrò ìlà igi gbọọrọ tì. Ìtọ́jú oko, koríko àti omi ní ibi gbogbo tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n ń sọ báyìí. Ìyẹn ni pé wọ́n ti padà sí ìtumọ̀ tó wà nínú àdéhùn.

Ẹ wo ohun tó ṣiṣẹ́. Ní Maradi, ní Niger, ní nǹkan bí 1983, Tony Rinaudo, ará Ọsirélíà, ti rẹ̀ ẹ́ láti máa gbin igi tó ń kú. Ó wá kíyè sí i pé ohun tó ti ń pè ní igbó ṣákálá nínú oko àwọn ènìyàn, kùkùté igi ni, gbòǹgbò wọn wà láàyè lábẹ́ ilẹ̀, ẹ̀ka tuntun sì ń yọ lọ́dọọdún kí àgbẹ̀ tó tún gé e. Kò sí igi tí wọ́n ní láti gbìn. Wọ́n kàn yan ẹ̀ka bíi mélòó kan lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan, wọ́n gé ìyókù, wọ́n dáàbò bo àwọn tó kù. Lápá Zinder, ní Niger kan náà, igi tí wọ́n fẹ́ràn jù ni gao, igi kan tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀: ìgbà òjò ló ń wọ́wé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rúwé. Nítorí náà kì í ṣíji bo jéró, ewé rẹ̀ sì ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá lásìkò tí wọ́n bá fẹ́ gbìn. Nígbà tí àwọn olùwádìí Chris Reij àti Gray Tappan yẹ ilẹ̀ náà wò lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, ilẹ̀ tí igi ti hù padà báyìí tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà. Ní Burkina Faso, Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ tó ṣaláìsí ní 2023, gbẹ́ ihò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní zaï sínú ilẹ̀ tó ti le bí àpáta, ó da ìgbẹ́ ẹran sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ikán wá ń gbẹ́ ilẹ̀ náà fún un láìgbowó, òjò àkọ́rọ̀ sì ní ibi tó ń wọ̀. Ká ní Sàhárà ló ń rìn bọ̀ lóòótọ́, kí ni ihò tó jìn tó àtẹ́lẹwọ́ lè ṣe fún un?

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé wa. André Aubréville, onímọ̀ igbó ọmọ Faransé tí ìwé rẹ̀ ní 1949 sọ ọ̀rọ̀ désertification di olókìkí, kì í ṣe etí Sàhárà ló ń wò. Ilẹ̀ olójò ló ń wò, níbi tí iná àti oko ti ń sọ igbó di ọ̀dàn. Nítorí náà ẹni tó bá wà ní Ṣakí tàbí Kíṣí tó ń dààmú nípa ilẹ̀ rẹ̀ kò ṣi ọ̀nà. Ibi tó ń wò ló ṣì. Kì í ṣe gbogbo ọ̀dàn náà ni igbó tó ṣàìsàn. Ọ̀yọ́-Ilé jókòó nínú ọ̀dàn, orí koríko rẹ̀ ni ẹṣin ogun Aláàfin ti ń jẹ, ẹnikẹ́ni kò pè é ní aṣálẹ̀. Ohun tó ń ṣe Òkè-Ògùn báyìí ni igi ayìn àti igi ẹ̀mí tí wọ́n ń gé sun ní èédú, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kó lọ sí ìlú ńlá ní àpò-àpò, àti iná tí wọ́n ń dá sígbó lọ́dọọdún kí kùkùté tó rí àyè rú. Àwọn tó ń gé e ní orúkọ, àwọn tó ń rà á ní orúkọ, ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gba owó ọ̀nà lọ́wọ́ ọkọ̀ náà ní ọ́fíìsì. Bí a bá ní Sàhárà ni, gbogbo wọn ti bọ́.

Ẹ̀yin oníròyìn àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí ẹ tó kọ ìsọdaṣálẹ̀ sílẹ̀, ẹ sọ ilẹ̀ tí ẹ ń sọ, ẹ sọ iye ọdún tí ẹ fi wò ó, kí ẹ sì sọ ohun tí wọ́n ń ṣe lórí ilẹ̀ náà. Bí òjò ọdún kan ló kọ̀ tí kò rọ̀, ẹ pè é ní ọ̀dá. Bí ó bá jẹ́ pé igi ni wọ́n gé, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n gé igi, kí ẹ sì béèrè ẹni tó gé e.